Asín Kì í Ṣe Erin Kékeré

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bàámi ní ajá ọdẹ kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Ẹni tó bá dàgbà nílé ọdẹ mọ ohun tí irú ajá bẹ́ẹ̀ jẹ́. Òun ló ń ṣáájú wọgbó, òun ló ń gbóòórùn ọ̀yà kí ojú ẹnikẹ́ni tó tó o. Lọ́dún kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ojú rẹ̀ jìn wọnú, kò jẹun mọ́. Ọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn Fúlàní gún màlúù lábẹ́rẹ́ wò ó, ó ní àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran ni, pé oògùn rẹ̀ ṣẹ́kù sọ́wọ́ òun. Ó fa oògùn aláwọ̀ ìyeyè náà sínú síríńjì, ó fojú wọn ajá láti imú dé ìrù, ó ní, “Ajá ò kúkú tó màlúù, ẹ jẹ́ á fún un ní díẹ̀.” Lọ́jọ́ kẹta Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan. Orí rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ti ẹni tó mu sódabì yó. A pe orúkọ rẹ̀, ó gbọ́, ó fẹ́ wá, àmọ́ ara rẹ̀ gbé e gba ibòmíràn lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ló kú sí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ orúkọ oògùn náà, diminazene. Ìdì rẹ̀ kan tí wọ́n ń fi omi pò, màlúù tó wúwo tó 300 kílò ló wà fún. Tanímọ̀la kò lè ju kílò 15 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ogún. “Díẹ̀” tí ọkùnrin yẹn fojú wọ̀n ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màlúù máa ń fara da oògùn yìí. Ní ti ajá, àyè tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń wo àrùn àti ìwọ̀n tó ń ba ọpọlọ jẹ́ kéré gan-an. Nítorí náà ẹni tó tilẹ̀ fi ìwúwo pín in géérégé ṣì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Gbogbo wa la máa ń ṣe irú ìṣirò ọkùnrin yẹn. A ṣẹ́ oògùn àgbàlagbà sí méjì fún ọmọdé, a ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin fún ìkókó. A fi ìdérí ìgò wọn oògùn aràn fún àgùntàn, a fún ewúrẹ́ náà ní iye kan náà. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ara dà bí àpò gàrí: ìdajì àpò, ìdajì gàrí. Ara kì í ṣe àpò gàrí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí mú lọ nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìwádìí kan tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí káàkiri àgbáyé, lórí bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn nínú ara kékeré àti nínú ara ńlá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbóná lásìkò yìí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn ọpọlọ tí à ń rà ní ilé oògùn ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ṣábẹ, ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ọ̀pọ̀ oògùn tó wo eku sàn kò ṣiṣẹ́ nígbà tó dé ara ènìyàn, ti ọpọlọ sì wà lára èyí tó ń já wọn kulẹ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Amẹ́ríkà yí òfin rẹ̀ padà, kò fi dandan lé e mọ́ pé ara ẹranko ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti dán gbogbo oògùn wò kó tó kan ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀ kéde pé àwọn fẹ́ máa dín ìdánwò ara ẹranko kù díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi ara wọn ni pé: kí ni ọpọlọ eku lè sọ fún wa nípa ti ènìyàn, kí sì ni kò lè sọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú àgbàlá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣeé fọwọ́ bà. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí àyà màlúù, lẹ́yìn igbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀, kí ẹ máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ óò rí bí 60 sí 70 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti ewúrẹ́ máa ń tó 70 sí 90. Ti adìẹ ju 250 lọ, ẹnu ò lè yára kà á. Mo ti fi ewé kókò di asín kan mú rí nínú pańpẹ́, ewé nítorí òórùn rẹ̀ àti nítorí eyín rẹ̀. Mo wá ìlù ọkàn rẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi, n kò rí ohun kan tí mo lè kà. Gbígbọ̀n lásán ni, bí ìgbà tí wọ́n bá ti ohùn fóònù pa tí ìpè wọlé. Irú asín kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tí kò wúwo ju gíráàmù méjì lọ. Ọkàn rẹ̀ lè lù ju ìgbà 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti erin kò ju bí 30 lọ.

Ẹni tó fi ìṣirò sí ọ̀rọ̀ yìí tí gbogbo ayé fi gbà á ni Max Kleiber, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ṣe iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ní California. Ní ọdún 1932 ó fi hàn pé bí ara ṣe ń wúwo sí i, agbára tó ń jó ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ìwúwo náà. Ẹ mú eku kan tó wúwo tó gíráàmù 25, ẹ mú ọmọ màlúù tó wúwo tó 250 kílò. Màlúù wúwo ju eku lọ ní ìlọ́po 10,000. Ṣùgbọ́n agbára tí ara rẹ̀ ń jó lójúmọ́ kò ju bí ìlọ́po 1,000 ti eku lọ. Ìyẹn ni pé bí a bá gé ẹran gíráàmù kan lára àwọn méjèèjì, ti eku ń jó ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti màlúù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá ìṣirò Kleiber gan-an ló tọ̀nà tàbí ti Max Rubner, ará Jámánì tó ti wọn ajá ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1883. Àríyànjiyàn náà kì í ṣe lórí bóyá ara kékeré ń yára jóná. Iye tó fi ń yára ni wọ́n ń jà lé lórí. Ara tó ń yára jóná ni ara tó ń yára jẹ oògùn tán.

Ìyà tó jẹ erin kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ọ̀pọ̀ onímọ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ ọdún 1962, ní ọgbà ẹranko kan ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá LSD, oògùn tó ń da ọpọlọ rú, lè mú kí akọ erin ya wèrè bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná sí abo. Tusko ni erin náà ń jẹ́, ó wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Wọ́n wo iye tí wọ́n ti fún ológbò rí, wọ́n fi ìwúwo sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 297 mílígíráàmù, wọ́n gún un sí i lára. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Tusko fi fọn, ó ta gọ́ọ́, ó wó lulẹ̀, gìrì mú un. Wọ́n sáré fún un ní oògùn mìíràn láti fi rọ̀ ọ́, àwọn kan sì gbà pé àwọn oògùn yẹn náà lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Láàárín wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, àjànàkú ti lọ.

Knut Schmidt-Nielsen, ọmọ Norway tó jẹ́ àgbà nínú ẹ̀kọ́ ìṣiṣẹ́ ara ẹranko, tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ti fi bí ara ológbò ṣe ń jó agbára ṣe é dípò ìwúwo lásán, 80 mílígíráàmù ni ìbá jẹ́. Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ènìyàn, tí wọ́n fi ìtóbi ọpọlọ wọ̀n ọ́n, kò ní ju 0.4 mílígíráàmù lọ. Ẹ wo bí 297 ti jìnnà sí 0.4. Oògùn kan náà ni, erin kan náà ni. Ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Ó ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rántí ìtàn yìí, nítorí àṣìṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn àti àṣìṣe ọkùnrin tó gún Tanímọ̀la, ìyá kan náà ló bí wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń kàn jù? Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ṣe ń rìn níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé ẹnu Akaba Ìdènà níbí mọ bí ìlú Kétu àtijọ́ ṣe rí. Odi ló yí ìlú ká, yàrà wà lẹ́yìn odi, ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan sì ni èrò ń gbà wọlé. Bí ìlẹ̀kùn bá tì, òde ń bẹ lóde, ilé ń bẹ nílé. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kọ̀ọ̀kan rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni odi rẹ̀. Iyọ̀ sodiọ́mù kún òde, potasiọ́mù kún inú, iná mànàmáná inú rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju tòde lọ ní bíi 70 mílífólìtì. Lára odi yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdènà kéékèèké wà. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, ìdènà ṣí, sodiọ́mù ya wọlé. Ìdènà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, òun náà ṣí, títí tí iṣẹ́ náà yóò fi dé ìkángun okùn sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo èyí kì í pẹ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ lójú kan. Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló tú àṣírí yìí ní ọdún 1952 lára ẹran omi tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní calmar, nítorí okùn iṣan rẹ̀ kan nípọn tó mílímítà kan, ojú lásán lè rí i. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní ọdún 1963.

Ìdènà kì í ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Iyọ̀ tó bá ti wọlé, sẹ́ẹ̀lì ní láti tì í padà síta, agbára ló sì fi ń ṣe é. Ọpọlọ wa kò ju bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara wa lọ, àmọ́ òun nìkan ń jẹ bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Apá tó pọ̀ níbẹ̀, owó ibodè ni.

Ibodè yìí náà ni májèlé àti oògùn ń bá wọlé. Oògùn wárápá ń ti àwọn ìdènà kan tàbí ó ń ṣí èyí tó ń pa iná, ìyẹn èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dákẹ́. Endosulfan tí wọ́n ń fi pa kòkòrò orí òwú tẹ́lẹ̀, ìdènà tó ń pa iná yẹn ló ń dí. Nígbà tí kò bá sí ohun tó ń pa iná, gìrì dé. Ìdènà kòkòrò àti ti ènìyàn jọra. Àwọn ènìyàn kú ní àgbègbè Borgou, lápá àríwá wa níbí, ní ìgbà òwú ọdún 1999 sí 2000, láti ọwọ́ oògùn yìí.

Ní báyìí, ẹ gbé ìdènà wọ̀nyí lé ara asín, kí ẹ tún gbé wọn lé ara erin.

Hermann von Helmholtz ti wọn bí iṣẹ́ ṣe ń yára tó nínú iṣan àkèré ní ọdún 1850, ó sì bá a ní bíi mítà 27 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣáájú ìgbà náà àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé kò ṣeé wọ̀n rárá. Ọ̀nà méjì ni iṣan lè gbà yára sí i. Èkíní, kó nípọn, bíi ti calmar. Ṣùgbọ́n kí eré rẹ̀ tó di ìlọ́po méjì, ó ní láti nípọn ní ìlọ́po mẹ́rin, ara wo ló máa gbà á? Èkejì ni ti àwa ẹlẹ́gungun. Ọ̀rá wé okùn iṣan wa, ó wá ń fi àlàfo sílẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Louis-Antoine Ranvier, ará Faransé, ló rí àwọn àlàfo náà láàárín ọdún 1870 sí 1880, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní. Ìdènà pọ̀ jọ síbi àlàfo. Iṣẹ́ ń fò láti àlàfo kan sí èkejì, bí ìgbà tí onílù abúlé kan bá gbọ́ ìlù, tó lù ú fún abúlé kejì, tí ìyẹn náà lù ú síwájú. Bí wọ́n bá lù ú bẹ́ẹ̀ láti Kétu, ó máa dé Ṣábẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ tó múra tán. Nínú ara ènìyàn, iṣan tí ọ̀rá wé dáadáa lè fi nǹkan bíi mítà 120 sáré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí kò ní ọ̀rá, tó ń gbé ìrora wúwo wúwo, kì í ju mítà méjì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá fẹsẹ̀ gbá òkúta, a kọ́kọ́ mọ̀ pé a gbá a, kí ìrora gan-an tó dé.

Heather More àti Max Donelan ní Kánádà pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn wá béèrè ìbéèrè kan tó dà bí ti ọmọdé: ṣé iṣan erin ń sáré ju ti asín lọ? Wọ́n wọ̀n ọ́n. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ti asín jẹ́ bíi mítà 42 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti erin jẹ́ bí 70. Kò tilẹ̀ pé ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ erin gùn ju ti asín lọ ní bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀nà tó wà lẹ́sẹ̀ erin bá jẹ́ mítà méjì, iṣẹ́ yóò lo ìdá 29 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó débẹ̀. Bí ti asín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì, kò ní lò ju ìdajì ìdá kan lọ. Kí erin tó mọ̀ pé òun tẹ ẹ̀gún, asín ti mọ̀, ó ti fò, ó ti sá wọ ihò.

Ní ọdún 2018 wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí a bá ka gbogbo ìdádúró pọ̀, ti iṣan, ti ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì, ti ẹran ara tó ń fà, ti ẹranko ńlá pẹ́ ju ti kékeré lọ ní bí ìlọ́po 17. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ńlá náà kì í yára gbé. Nítorí náà bí a bá fi ìdádúró náà wé àkókò tí ẹsẹ̀ fi ń gbéra, ti ńlá kò ju ìlọ́po méjì ti kékeré lọ. Ẹni tó bá ti rí bí erin ṣe ń rìn ní igbó Pendjari máa mọ ohun tí mò ń sọ. Erin kì í fò. Kódà nígbà tó bá ń sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ní ṣàìfara kan ilẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ti ro ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọdẹ wa ti rí ìrìn ẹ̀sọ̀ yìí, wọ́n sì ti fi kì í nínú ìjálá.

Ti iye sẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Níbí, ọmọ Brazil kan, Suzana Herculano-Houzel, ló dá ọgbọ́n tó la ọ̀pọ̀ lójú. Dípò kó máa ka sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ kó wá sọ ọ́ di púpọ̀, ó yọ́ ọpọlọ di ọbẹ̀, ó rò ó pọ̀ dáadáa, ó wá ka iye ọkàn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀. Báyìí ló ṣe mọ̀ ní ọdún 2009 pé ọpọlọ ènìyàn ní bí bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́. Ní ọdún 2014 òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ka ti erin ilẹ̀ Áfíríkà, bí bílíọ̀nù 257, ìlọ́po mẹ́ta tiwa. Ṣùgbọ́n bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kó jọ sẹ́yìn orí, ní apá tó ń tọ́ ìrìn àti ọwọ́jà sọ́nà. Ní èèpo ọpọlọ, níbi tí èrò ti ń wá, erin ní bílíọ̀nù 5.6, àwa ní bíi 16.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ti òkété àti ọ̀bọ. Nínú ìdílé eku, bí ọpọlọ bá ṣe ń tóbi ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan náà ń tóbi, tí wọ́n fi ń jìnnà síra wọn. Nínú ìdílé ọ̀bọ, tí àwa náà wà, sẹ́ẹ̀lì kò tóbi sí i, wọ́n kàn ń pọ̀ sí i. Òkété tó bá fẹ́ ní sẹ́ẹ̀lì tó tiwa, ọpọlọ rẹ̀ ní láti wúwo tó kílò 35, ara rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 89. Ẹyẹ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì àwọn odídẹrẹ́ kéré, wọ́n sì fún pọ̀ débi pé ọpọlọ tí kò ju èso kékeré lọ lè gba iye tó wà nínú ọpọlọ ọ̀bọ tó tóbi jù ú lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá dá yín lóhùn.

Ní ọdún 2024, Chris Venditti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kó ìwọ̀n ọpọlọ àti ara bí irú ẹranko 1,500 jọ. Wọ́n rí i pé ìlà tí gbogbo wa ti ń fà gbọọrọ láti eku dé erin, títẹ̀ ló tẹ̀. Bí ara bá ṣe ń tóbi, ọpọlọ ń falẹ̀ sẹ́yìn ju bí a ti rò lọ.

Ìwádìí tó kan ìdènà gan-an wá láti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2021, látọ̀dọ̀ Lou Beaulieu-Laroche, Mark Harnett àti àwọn mìíràn. Irú ẹ̀dá mẹ́wàá ni wọ́n kó jọ, láti asín gíráàmù méjì yẹn, eku, ehoro, ọ̀bọ, títí dórí ènìyàn. Ti ènìyàn wá láti ara àwọn alárùn wárápá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún: ègé ọpọlọ díẹ̀ tí dókítà ní láti gé kúrò kó tó débi tí àrùn wà, wọ́n tọ́jú rẹ̀ láàyè nínú omi, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tẹ́tí sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́sàn-án, wọ́n bá ìlànà kan náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń tóbi, ìdènà ara odi rẹ̀ ń ki sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí iye ìdènà inú ègé ọpọlọ tó tóbi bákan náà, yálà ti asín tàbí ti ọ̀bọ, fi ń dọ́gba. Àwa ẹ̀dá kẹwàá ni a yà bàrá. Sẹ́ẹ̀lì wa tóbi, ṣùgbọ́n ìdènà ara rẹ̀ kéré gan-an sí ohun tí ìlànà náà ní kó jẹ́. Àwọn olùwádìí náà rò pé bóyá owó ibodè ni ọpọlọ wa ń fi pamọ́, kó lè ná an sórí nǹkan mìíràn. Èrò ni, wọn ò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tó túmọ̀ sí fún oògùn: èyí tó ń ti ìdènà nínú ọpọlọ eku, nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, iye ìlẹ̀kùn tó bá pàdé kò rí bákan náà.

Ìtóbi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí n ṣì yín lọ́nà. Ewúrẹ́ àti àgùntàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ń yára pa ọ̀pọ̀ oògùn aràn rẹ́, ó sì wọ́pọ̀ kí dókítà ẹran sọ pé kí iye tí wọ́n máa fún un pọ̀ ju ti àgùntàn lọ. Ẹni tó bá fún àwọn méjèèjì ní iye kan náà, aràn ara ewúrẹ́ kò ní kú tán, èyí tó bá ṣẹ́kù yóò sì kọ́ bí a ti ń fara da oògùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu wa níbí mọ èyí dáadáa. Ó wù mí kí ohun tí wọ́n mọ̀ dé ọjà.

Nípa ti ọmọ ènìyàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Phenobarbital wà lára oògùn wárápá tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Bí a bá fi kílò pín in, ọmọ kékeré sábà máa ń nílò ju àgbàlagbà lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí ara rẹ̀ ń yára jẹ ẹ́ tán. Ìyá tó bá rò pé ọmọ kéré, tó wá ń dín in kù láàánú, gìrì ló ń pè padà. Ìkókó tuntun sì tún yí ọ̀rọ̀ náà padà: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó, oògùn ń pẹ́ lára rẹ̀. Ní ọdún 1959 àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé chloramphenicol, tó ń wo àgbàlagbà sàn, ń pa ọmọ tuntun, àwọ̀ wọn a dà bí eérú kí wọ́n tó kú. Ara ọmọ kan náà ni, kò ju oṣù díẹ̀ lọ láàárín ìgbà tó ń falẹ̀ àti ìgbà tó ń yára. Kò sí ojú tó lè wọn èyí. Ìdí nìyẹn tí oògùn ẹ̀bá ọ̀nà fi ń bà mí lẹ́rù, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá kó ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu ní oṣù Kejì ọdún 2017. Ká tilẹ̀ ní ojúlówó ni, ẹni tó ń tà á kò ní òṣùwọ̀n tó máa fi wọn ọmọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lo oògùn wárápá láti ọdún méjì sẹ́yìn. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ń gbé e lọ. Kí wọ́n tó bi ìyá rẹ̀ léèrè ohunkóhun, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọmọ sínú àpò òṣùwọ̀n tó so kọ́ ẹnu ọ̀nà, òun a sì máa fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́, a máa rẹ́rìn-ín, ó rò pé jangirọ́fà ni. Nígbà tí mo bá wọn lọ kẹ́yìn, ó ti di kílò 17. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sórí 15 tó wà níbẹ̀, ó kọ 17 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò mìíràn.